Èló ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àbújá?

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá ní kí wọ́n ta Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ l'Ábújá, èló ni wọ́n lè tà á? Ṣé àwọn aṣòfin ló tiẹ̀ ni ín?

Ìdáhùn: Ká ti ibi tẹ́ ẹ parí sí bẹ̀rẹ̀: àwọn aṣòfin kọ́ ló ni ín. Abala 297 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ Àbújá. Nígbà tí wọ́n kọ ₦37 bílíọ̀nù sínú ìṣúná 2020 láti tún ilé náà ṣe, abẹ́ FCDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìdàgbàsókè Àbújá, ni wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe abẹ́ àwọn aṣòfin. Ariwo ta, Kòrónà sì dé, wọ́n gé e sí bíi ₦9 bílíọ̀nù. Owó àtúnṣe lásán nìyẹn o!

Ní ti iye rẹ̀, ta ni yóò ra ilé olórùlé roboto aláwọ̀ ewé, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ohun tí kò lọ́jà, iye tí wọ́n lè fi kọ́ irú rẹ̀ lónìí ni àwọn tó ń díye lé ilé máa ń wò. Ilé gbígbé ló yàtọ̀: ìjọba Ọbásanjọ́ ta ti àwọn aṣòfin ní Apo, wọ́n sì rí olùrà.

Ọ̀pá àṣẹ ilé aṣòfin ńkọ́, ṣé òun ṣeé tà? Ní oṣù kẹrin 2018, àwọn jàǹdùkú já wọ ilé aṣòfin àgbà, wọ́n gbé e lọ. Ọjọ́ kejì ni ọlọ́pàá rí i lábẹ́ afárá, nítòsí ẹnubodè ìlú. Àwọn tó jí i pàápàá ò rí ibi tà á.