Oko Bàbá Jó Lóṣù Kìíní: Ṣé Ká Hú Kòkó Náà Ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹlẹ́lùbọ́ ni mí ní Ọjà'ba n'Ìbàdàn. Oko bàbá mi wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ayunrẹ́: kòkó, ọ̀pẹ, àti ọsàn díẹ̀. Lóṣù kìíní, ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà tiná bọ igbó tó ṣán, ó sì gba ilé lọ. Kí àwọn ará abúlé tó rí iná náà pa, ó ti jó kọjá ìdajì oko wa. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti ọjọ́ náà, wọn ò dé oko mọ́, iwájú ilé ni wọ́n ń jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gégi sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá hú gbogbo rẹ̀, ká gbin ẹ̀gẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká ṣe? Báwo la ó sì ṣe é tí kò fi ní tún ṣẹlẹ̀?

Ọmọ Ọjà'ba

ÌDÁHÙN

Ẹ kú òfò o, ọmọ mi. Ọlọ́run yóò dá a padà. Ẹ bá mi kí Bàbá dáadáa.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kó dá àwọn onígi dúró ná. Kì í ṣe gbogbo igi tó dúdú ló kú. Èèpo kòkó fẹ́lẹ́. Iná tó ń jó ewé gbígbẹ nídìí rẹ̀ kì í ga, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ níbẹ̀, ìdí ló ti ń ṣe é léṣe. Nítorí náà, ìdí ni kí ẹ wò. Ẹ mú ọ̀bẹ kékeré, kí ẹ fi họ èèpo rẹ̀ bí ìwọ̀n èékánná, lẹ́ẹ̀kan ní ìwọ̀n orúnkún, lẹ́ẹ̀kan nítòsí ilẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Bó bá gbẹ, tó pọ́n bí awọ bàtà, ibẹ̀ ti kú. Ẹ so òwú pupa mọ́ èyí tó kú tìdítìdí, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Kòkó tí òkè rẹ̀ jóná máa ń hù láti ìdí. Tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá nínú oṣù kẹrin, ẹ gé e kó ku nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ọ̀kan àbọ̀ sókè ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé dà gẹ̀rẹ́, kí omi má baà dúró lórí rẹ̀. Ọmọ púpọ̀ yóò yọ. Ẹ ṣẹ́ wọn kù sí ọ̀kan tàbí méjì tó lágbára, tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ. Gbòǹgbò àgbà ló ń bọ́ ọmọ náà, nítorí náà ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Fún ibi tí igi ti kú pátápátá, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, wà lẹ́bàá yín ní Ìdí-Ayunrẹ́ láti ọdún 1964. Ẹ lọ bi wọ́n nípa irúgbìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbìn síbẹ̀ ju ẹ̀gẹ́ lọ, kó lè ṣíji bo ọmọ kòkó.

Ti ọ̀pẹ, mọ̀rìwò ni kí ẹ máa wò. Bí gbogbo imọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jóná, tí mọ̀rìwò tuntun bá ti yọ láàárín orí, ó ti bọ́. Ọsàn ń fẹ́ sùúrù: ẹ má ṣe gé ẹ̀ka kankan títí ewé tuntun yóò fi fi ibi tó kú hàn yín. Ẹ po ẹfun mọ́ omi, kí ẹ fi kun ara igi tí oòrùn ń pa báyìí tí kò sí ewé lórí rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ jọ pààlà ńkọ́? Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sun oko mọ́. Àwọn baba wa ti ń fi iná ṣán oko kí wọ́n tó bí wa. Àkókò ló ṣì mú. Ní Olókemèjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta ní 1929. Ọdọọdún ni wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, wọn ò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 28, igbó ti dí níbi tí iná ò dé. Ibi tí wọ́n ń tètè sun ṣì ní igi púpọ̀. Ibi tí wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó sun, koríko ló gbà á.

Ẹni tó bá máa sun oko, kó sun ún nínú oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó gbẹ gbogbo nǹkan. Kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, kí gbogbo ẹni tó bá a pààlà wà níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi àti ẹ̀ka ewé tútù. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni kó ti tiná bọ̀ ọ́, kí iná lè máa dojú kọ afẹ́fẹ́ bó ṣe ń jó, kó má baà sáré. Kí wọ́n má sì lọ sílé títí èéfín yóò fi tán. Kùkùté a máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ bẹ baálẹ̀ abúlé kó pe ìpàdé lé e lórí, kẹ́nu gbogbo yín kò lórí ọjọ́ tí ẹ ó máa sun oko. Ẹ ṣe ìpàdé náà lóṣù kẹwàá, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù tí inú ò tíì bí ẹnikẹ́ni.

Ní tiyín, ẹ yẹ ààlà oko yín títí ilẹ̀ pupa yóò fi hàn, kó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì gíga koríko tó wà lódìkejì, ó kéré tán. Bí èèsún bá ga ní mítà mẹ́ta, mítà mẹ́fà ni. Ewé tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣán. Bó bá gbẹ, ó ń gbiná bí ẹni bu kẹrosín sí i. Ẹ tún ojú ààlà náà gbá nígbà tí kòkó bá ti wọ́wé.

Bí iná bá tún wá, ẹ kọ́kọ́ kó àgbà àti ọmọdé kúrò. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ni ẹ ti ń bá iná jà, ẹ má ṣe dúró níwájú rẹ̀, ẹ má sì sá gòkè, nítorí iná yára ní gẹ̀gẹ̀rẹ́ jù yín lọ. Ibi tó ti jó tán ni ibi ìsádi. Ẹni tó bá jóná, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe epo pupa, kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ó ku Bàbá. Ẹ rán wọn létí ọdún 1983, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ jẹ́ kí iná jó oko kòkó nílẹ̀ Yorùbá àti ní Gánà. Kòkó tí Gánà kó jọ ní sáà 1983/84 kò ju nǹkan bí 159,000 tọ́ọ̀nù lọ. Síbẹ̀, iná ò fòpin sí kòkó wọn: ní 2010/11, wọ́n kó ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú wọn lọ sóko láàárọ̀ kan tí oòrùn ò tíì mú. Ẹ má kó èrò tẹ̀lé wọn. Ẹ fi ọ̀bẹ yẹn lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ló mọ igi tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í họ láti ibẹ̀.