Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Obìnrin Ayàwòrán Kan ní Ilẹ̀ Ólífì ti Ítálì

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ náà 'ólífì'. Ewé rẹ̀ ni àdàbà mú padà wá fún Nóà. Síbẹ̀, bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàpèjúwe igi náà, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni ó mọ̀, kò mọ igi. Nínú iṣẹ́ yìí, a óò wo ọ̀nà tí Louise-Joséphine Sarazin de Belmont (1790–1870), ayàwòrán ará Faransé, gbà fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ tí ó yà, a ó sì fa ẹ̀kọ́ yọ fún olùkọ́ àròkọ aṣàpèjúwe.

Ilẹ̀kùn tí a tì

Ìlú Versailles ni a bí i sí. Pierre-Henri de Valenciennes ni ó kọ́ ọ níṣẹ́. Ní 1817, ìdíje kan bẹ̀rẹ̀ ní Faransé fún àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ìrísí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá gbégbá orókè, owó ìjọba ni yóò fi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Róòmù. Kò sí àyè fún obìnrin níbẹ̀. Kódà, ọdún 1897 ni ilé ẹ̀kọ́ ọnà ti ìjọba ní Paris tó gba obìnrin wọlé. Sarazin de Belmont kò tìtorí èyí jókòó sílé. Láàrin 1824 sí 1826, ó rìnrìn-àjò já Ítálì, ó dé Róòmù, Naples àti erékùṣù Sicily. Ó ya àwókù ilé ìṣeré àtijọ́ tí ó wà ní Taormina, níbi tí ènìyàn ti lè rí òkè Etna àti òkun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ewé olójú méjì

Nínú ìwé tí Valenciennes tẹ̀ jáde ní 1800, ó gba ayàwòrán nímọ̀ràn pé kí ó jáde sí gbangba, kí ó má sì lò ju wákàtí méjì lọ lórí àwòrán kan, torí pé ìmọ́lẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Igi ólífì, tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ tí obìnrin yìí rìn já, jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà. Òkè ewé rẹ̀ dúdú bí ewé tó gbó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun bí fàdákà. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, gbogbo oko náà a yí àwọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ nìkan yóò kùn ún bí igi yòókù.

Ìlò rẹ̀ ní kíláàsì

Funfun, pupa àti dúdú ni òpó àwọ̀ nínú èdè Yorùbá. Àfiwé ni a fi ń sọ ìyókù: àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú. Èyí kì í ṣe àìtó èdè. Ó ń béèrè pé kí asọ̀rọ̀ ti wo nǹkan dáadáa kó tó lanu. Kí olùkọ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìdí igi àgbálùmọ̀, tí ewé tirẹ̀ náà dúdú lókè, tí ó sì ń dán fírífírí nísàlẹ̀. Kí wọ́n kọ gbólóhùn mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lọ́sàn-án, kí wọ́n sì fi wọ́n wéra.

Ìkádìí

A ti rí i pé ìdènà kò ní kí obìnrin yìí fi àgbọ́sọ ṣe iṣẹ́. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní àpèjúwe láti inú ìwé nìkan, tí igi sì wà lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì, kò ní àwáwí.