Sí Àkànní, Lórí Fọ́tò Òòjọ́ Rẹ

Àkànní, ọmọ àbúrò mi,

Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó sùn lóru? Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ńkọ́, ṣé ẹ ti tún un ṣe àbí ó ṣì ń jò? Bá mi kí gbogbo ará Ifẹ̀wàrà. Ara tèmi ti le díẹ̀, àfi ojú tó ń ṣe bàìbàì. Ìdí nìyẹn tí ìlà ìwé mi fi ń lọ kọ́lọkọ̀lọ.

Ìyàwó ilé wa ni mo pàdé lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà. Ó ní o fẹ́ dá fọ́tò tí ò ń yà lójoojúmọ́ dúró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ! Ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń bi ọ́ pé èló ló ń tibẹ̀ wọlé. Ó tún ní lálẹ́ ọjọ́ tó rẹ̀ ọ́, o gbé fọ́tò àná sípò tòní. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ní Ìlá Ọ̀ràngún nígbà kan rí, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó jọ ya fọ́tò, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òyìnbó kan, Stephen Sprague, dé Ìlá ní 1975, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìfẹ́ ni tiwọn. Tìrẹ, ìmẹ́lẹ́ ni. Bí o bá pa ọjọ́ kan jẹ, jẹ́ kí àyè rẹ̀ ṣófo.

Wọ́n ti bi èmi náà ní irú ìbéèrè àwọn ẹgbẹ́ rẹ yẹn rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà, mo ní màá máa ya ibi tí bàbá wa ń sá kòkó sí, láràárọ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fọ́ ọ títí ọkọ̀ yóò fi kó o lọ. Abẹ́ igi obì kan ni mo ń dúró sí. Lónìí kùrukùru á bo ẹní kòkó, lọ́la ẹsẹ̀ ewúrẹ́ á ti gba orí rẹ̀ kọjá, lọ́túnla kòkó á ti pọ́n ju tàná lọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógójì, ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní ṣé kòkó ló fẹ́ ṣègbéyàwó ni. Gbogbo oko rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo fi fíìmù tó kù ya ìyàwó tuntun kan, mo gbowó. Páálí tí nẹ́gẹ́tíìfù yẹn wà nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fi í sílẹ̀ sí nígbà tí mo kó kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó ń wa wúrà ti gbẹ́ oko yẹn di kòtò báyìí, odò pọ́n bí amọ̀. O kò mọ igi obì náà. Ìyá rẹ ní apá ọ̀tún ọ̀nà ló wà, èmi ní òsì ni. Ta ni yóò dá ẹjọ́ wa?

Ojeikere, ayàwòrán tí wọ́n bí ní 1930, tó ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn kó tó lọ sí Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí obìnrin ní 1968. Ní títì ni o, níbi ìnáwó ni o, ẹ̀yìn orí ló sì máa ń yà jù. Ó yà á títí ó fi ń lọ sí ẹgbẹ̀rún kan. Ta ni kì í rí irun nígbà náà? Ọmọ Emai ni, kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ ó fi orúkọ irun sí wọn: fọ́tò rẹ̀ kan ń jẹ́ Òjò ń pẹtí, òmíràn ń jẹ́ Onílé gogoro. Ilẹ̀kùn tí ìwọ yà lẹ́ẹ̀mẹta, ilẹ̀kùn ta ni? O ò kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí o máa fi fóònù pa ojú ọ̀run láró. Bí ó ti rí ni kí o fi í sílẹ̀.

Mo fi owó rán ìyàwó ilé wa sí ọ. Owó fífọ fọ́tò ni, kì í ṣe owó dátà. Fi bírò kọ orúkọ àti ọjọ́ sẹ́yìn wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, rọra fi ọ̀kadà gbé ìyá rẹ dé ẹnu ọ̀nà oko. Ẹ má sún mọ́ kòtò. Ní kó nawọ́ síbi tó ní igi obì wà. Ya ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣì í, mo mọ̀, ṣùgbọ́n yà á.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Iléṣà.