WỌ̀RỌ̀WỌ́ NÍNÚ ÌKÒKÒ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a tọ́ dàgbà ní Àbújá ló ti jẹ ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ́ láì rí ìtàkùn rẹ̀ rí. Abẹ́ igi kòkó ló ti máa ń hù nílé. Ìbòji tó fẹ́ràn ló mú kí ó bá yàrá wa mu. Àwọn òyìnbó ń gbin ìbátan rẹ̀ kan, Gynura aurantiaca láti Java, tí ewé rẹ̀ rí bí àrán, sínú ilé fún ẹwà. Tiwa ṣeé jẹ.

1. Gbígbìn: Gé ìtàkùn tó gbó, tó ní oríkèé mẹ́rin. Ri oríkèé méjì mọ́ ilẹ̀ dúdú nínú ike tí a dá ihò sí nísàlẹ̀. Ki ọ̀pá bọ ilẹ̀ náà kí ó lè rí nǹkan lọ́ mọ́.

2. Ìtọ́jú: Gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán kì í wọ̀. Fi ìka kan ilẹ̀: bí ó bá gbẹ, bomi rin ín, bí ó bá tutù, fi í sílẹ̀, kí gbòǹgbò má baà rà. Lásìkò ọyẹ́, máa wò ó lójoojúmọ́.

3. Kíkórè: Já ọ̀mùnú rẹ̀, má fa ìtàkùn tu.

Oko kòkó jìnnà sí wa níbí. Bí a kò bá gbìn ín, orúkọ lásán ni àwọn ọmọ wa yóò bá. Ẹni tó bá ní ìtàkùn, kó gé fún ẹnìkejì. Ohun tí a ní là á náání.