Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Lọ́fínńdà Kó Má Bà Jẹ́

Ẹ̀kọ́ òní dá lórí lọ́fínńdà, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní parfum. Ẹnì kan lè béèrè pé: «Kí ni ti àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ lọ́fínńdà?» Ọ̀rọ̀ náà kan àgbẹ̀. Owó àgbàdo, owó ẹ̀pà àti owó kajú ni a fi ń rà á. Àwọn kan nínú wa sì ń tà á lọ́jà. Bí ó bá bà jẹ́, owó oko ló ṣòfò. Bí a bá sì ń fi èyí tó ti bà jẹ́ para, ó lè pa ara lára.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ ìyá kan tó ń tajà. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ń wá sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo, ní Dassa-Zoumè, ìyá yìí ra ìgò lọ́fínńdà 20. Ìgò kan jẹ́ 500 fráǹkì. Ó ta 12, ó ku 8. Ó to ìgò 8 náà sórí tábìlì níta, kí àwọn oníbàárà lè máa rí bí wọ́n ṣe ń dán nínú oòrùn.

Ọyẹ́ dé, ó sì kọjá. Ooru oṣù Kejì àti ti oṣù Kẹta dé. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì yíjú kúrò. Òórùn náà ti kan. Kò rà á. Àwọn tó dúró tì í náà kò rà á mọ́. Ìgò 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 fráǹkì, jẹ́ 4 000 fráǹkì. Owó yẹn ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe pé ẹni tó ta ọjà náà fún ìyá yìí rẹ́ ẹ jẹ. Oòrùn ló ba ọjà rẹ̀ jẹ́.

Kí ló wà nínú lọ́fínńdà?

Ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ lọ́fínńdà ni òróró olóòórùn dídùn, ọtí líle, àti omi díẹ̀. Òróró náà lè wá láti ara òdòdó, èèpo ọsàn tàbí igi. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́. Ọtí líle yìí kì í ṣe fún mímu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé òórùn jáde.

Òórùn inú ìgò kan kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Òórùn ọsàn fúyẹ́. Òun ni imú ń kọ́kọ́ gbọ́, òun náà ló sì ń tètè bà jẹ́. Òórùn igi wúwo, ó sì máa ń pẹ́.

Ọ̀tá mẹ́ta

Ọ̀tá kìíní ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ẹ wo aṣọ tí a ń sá sóòrùn lójoojúmọ́: àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oòrùn ṣe ń ba òróró inú lọ́fínńdà jẹ́.

Ọ̀tá kejì ni ooru. Ọbẹ̀ kì í pẹ́ kan nígbà ooru. Lọ́fínńdà náà kò fẹ́ ooru. Ẹ má sì gbàgbé pé abẹ́ páànù máa ń gbóná gan-an lọ́sàn-án.

Ọ̀tá kẹta ni afẹ́fẹ́. Bí a kò bá dé ìgò dáadáa, ọtí inú rẹ̀ yóò máa gbẹ lọ. Afẹ́fẹ́ yóò sì wọlé ba òróró jẹ́, bí ó ṣe ń jẹ́ kí irin dípẹtà. Ìgò tó ku ìdajì máa ń yára bà jẹ́ ju èyí tó kún lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ fi ìgò sílẹ̀ nínú páálí tó bá a wá.

2. Ẹ fi í sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ní igun yàrá tí oòrùn kì í dé. Ẹ gbé àpótí náà jìnnà sí ààrò àti àtùpà, nítorí pé ọtí inú lọ́fínńdà máa ń tètè gbiná.

3. Ẹ dé ìgò dáadáa ní kété tí ẹ bá ti lò ó tán.

4. Ẹ má ṣe da omi sí i kí ó lè pọ̀. Omi àti òróró kì í bára dọ́gba. Yóò dúdùú, òórùn rẹ̀ yóò sì dín kù.

5. Ẹ má ṣe dà á sínú ìgò mìíràn. Pàápàá jù lọ, ẹ má ṣe lo ìgò oògùn kòkòrò tí a fi ń fín òwú. Májèlé inú rẹ̀ kì í tán, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́.

6. Bí ẹ bá ń tà á, páálí òfìfo ni kí ẹ tò síta. Kí ìgò wà nínú òjìji. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ rà ni kí ẹ kọ́kọ́ tà.

Ẹ lo bíírò yín

Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ jẹ́ kó wúlò. Ẹ wo ara páálí tàbí ìgò. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí àwòrán ike kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ ṣí. Wọ́n kọ nọ́ńbà àti M sí i, bíi 12M tàbí 36M. Ìtumọ̀ 12M ni pé kí a lò ó tán láàárín oṣù 12 lẹ́yìn tí a bá ṣí i. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, ẹ kọ oṣù àti ọdún sára páálí. Èyí tí a kò tíì ṣí, tí a sì tọ́jú dáadáa, lè lo ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti bà jẹ́?

Òórùn rẹ̀ á kan, tàbí kó máa rùn bí òróró tó ti pẹ́ jù. Ó lè dúdùú. Àwọ̀ rẹ̀ lè ṣókùnkùn sí i, ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí pé èyí tó ní fànílà máa ń pọ́n fúnra rẹ̀. Imú ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ìlera wa

Òróró ọsàn tó ti bà jẹ́ lè mú kí ara máa yún ẹlòmíràn, kó sì lé ròrò. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ má sì lo ìgò náà mọ́. Bí ẹ bá ń lọ sóko nínú oòrùn, ẹ fi lọ́fínńdà sí aṣọ, ẹ má fi sí ọrùn. Òróró ọsàn kan wà tó máa ń sọ ara di dúdú níbi tí oòrùn bá ti pa á.

Bí ọmọdé bá mu lọ́fínńdà, ẹ má ṣe fi ipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò náà dání. Ọtí inú rẹ̀ lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀, kó sì dákú.

Ẹ rántí pé ọ̀tá mẹ́ta yìí kan náà ló ń ba òrí, òróró ẹ̀pà àti oògùn ilé ìwòsàn jẹ́. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀kan ti mọ ọ̀nà ìyókù.

Ìbéèrè

1. Kí ni orúkọ ọ̀tá mẹ́ta tó ń ba lọ́fínńdà jẹ́?

2. Níbo ni ẹ ń tọ́jú òrí àti oògùn sí nílé yín? Ṣé oòrùn ń dé ibẹ̀?

3. Ká ní ìyá inú àpẹẹrẹ wa rí ìgò 5 gbà là nínú 8 nítorí pé ó gbé wọn sínú òjìji. Ẹlòó ni ìbá pàdánù?