Iṣẹ́ Ọwọ́ Ìyá àti Ìfẹ́ Ilé: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìgbésí Ayé Ìyáàfin H. I. D. Awólọ́wọ̀ (1915–2015)



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, pàápàá nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ń wá ìyàwó. Wọn a ní obìnrin tí ó bá ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́ kì yóò fi ara balẹ̀ ní ilé ọkọ. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn òbí kan ṣe ń mú ọmọbìnrin wọn kúrò nídìí iṣẹ́ tí ó ti kọ́, tí àwọn ọkọ kan sì ń ní kí ìyàwó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí òṣùwọ̀n ní oṣù yìí, kí a sì fi ìgbésí ayé ìyá kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ìyá náà ni Ìyáàfin Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀. A bí i ní Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1915. Ó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó sì kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó, ní àkókò tí àwọn òbí tí ń rán ọmọbìnrin lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1937, a so òun àti Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pọ̀ ní ìgbéyàwó. Ọlọ́run sì fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ, ọkùnrin méjì àti obìnrin mẹ́ta.

ÈKÍNÍ: Ìgbà tí ọkọ kò sí nílé. Ní ọdún 1944, ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, kò sì di agbẹjọ́rò títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1946. Ní gbogbo àkókò yìí, ọwọ́ ìyá ni ìtọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké wà. Òwò ni ó ń ṣe tí ó fi bọ́ wọn. Nígbà tí ọkọ padà dé, ó bá ilé rẹ̀ ní ìdúró, ẹ̀kọ́ tí ó lọ kọ́ kò sì di ẹ̀bi sí ìdílé lọ́rùn.

ÈKEJÌ: Ìgbà tí ọkọ wà ní ipò gíga. Ìdílé náà fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé. Ẹni tí ó bá ti Jericho wa níhìn-ín gba Dùgbẹ̀ lọ sí Òkè-Bọ́lá àti Òkè-Adó, àdúgbò wọn ni ó ń là kọjá. Ní ọdún 1954, Ọ̀gbẹ́ni Awólọ́wọ̀ di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá jókòó tí ó ń gba àlejò láti ìgbà náà lọ, ta ni ì bá bá a wí? Ṣùgbọ́n ní ọdún 1957 gan-an, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ń gba ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Nigerian Tobacco Company láti pín in fún àwọn alátùntà. Ó tún wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń kó aṣọ léèsì wọ ilẹ̀ wa láti òkè-òkun. Ẹ kíyèsí i pé ìgbà tí ọwọ́ ọkọ dẹ̀ ni ìyá yìí fi kún òwò rẹ̀.

ẸKẸTA: Ọjọ́ ìpọ́njú. Ọdún 1963 dé pẹ̀lú ìbànújẹ́ méjì. Ní oṣù Keje, àkọ́bí wọn ọkùnrin, tí òun pẹ̀lú ti di agbẹjọ́rò, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ nígbà tí ẹjọ́ baba rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ilé-ẹjọ́ rán baba sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lórí ẹ̀sùn pé ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba, a sì gbé e lọ sí Kàlàbá. Ẹlẹ́wọ̀n kì í gba owó oṣù, kò sì lè ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ẹ̀wọ̀n mú ọkọ, ṣùgbọ́n kò mú òwò tí ó wà lọ́wọ́ ìyàwó. Ní ọdún 1964, ìyá kan náà tún jáde dípò ọkọ rẹ̀, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ káàkiri láti wá ìbò. Oṣù Kẹjọ ọdún 1966 ni a tó dá baba sílẹ̀.

ẸKẸRIN: Ìgbà opó. Olóyè Awólọ́wọ̀ fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1987. Ìyá lo ọdún 28 lẹ́yìn rẹ̀. Ó jẹ́ alága ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé ìròyìn Tribune, èyí tí ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ìwé ìròyìn náà kò kú, ó ń jáde títí di òní. Ọ̀fọ̀ tún ṣẹ̀ ẹ́, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin kan kú ní ọdún 2011, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kejì sì tẹ̀lé e ní ọdún 2013. Ìyá kò ká ọwọ́ kò títí ó fi sùn ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí ì bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ni a sin ín sí Ìkẹ́nnẹ́.

Kí ni òṣùwọ̀n wa wá sọ? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ ìyá yìí kúrò nílé: ó lọ sí ẹ̀kọ́, ó lọ sí ẹ̀wọ̀n, ó sì lọ sí ọ̀run. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí ìyá fi gbé ilé ró ni iṣẹ́ tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe kí ọjọ́ náà tó dé. Ìfẹ́ tí kò ní nǹkan lọ́wọ́ lè sunkún pẹ̀lú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ọkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́rìí ní gbangba pé ohun iyebíye tí ènìyàn kò lè díye lé ni ìyàwó òun.

Òótọ́ ni pé obìnrin mìíràn wà tí owó sọ di agbéraga. Ọkùnrin bẹ́ẹ̀ náà wà, síbẹ̀ a kò sọ pé kí ọkùnrin má ṣe iṣẹ́. Ìwà ni ó yẹ kí a tọ́, kí a sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn ọmọ lọ bi ìyá-ńlá wọn ní ìbéèrè mẹ́ta yìí, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé nígbà tí ìyá ṣì wà láàyè:

1. Kí ni ẹ tà, tàbí iṣẹ́ wo ni ẹ ṣe?
2. Ta ni ó kọ́ yín?
3. Àwọn wo ni ẹ fi èrè rẹ̀ tọ́?

Púpọ̀ nínú wọn ni yóò bá orúkọ baba tàbí ìyá tiwọn nínú ìdáhùn kẹta.