Ìfẹ́ Tó Ń Ná Ni Ní Nǹkan

Bíbélì kíkà: 1 Jòhánù 3:16–18, Lúùkù 10:25–37
Àkọ́sórí: 1 Jòhánù 3:18



Ní alẹ́ ọjọ́ kan lásìkò ìdánwò, ibà kọlu ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní Sauka Kahuta. Iná ti lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi kan ṣoṣo ló kù, mo sì ti pa á mọ́ láti fi wẹ̀ láàárọ̀. Mo gbọ́ tó ń kérora. Mo yíjú sí ògiri, mo ṣe bí ẹni tó ti sùn. Ìyá alákàrà tó múlé tì wá, ọmọ Nupe láti Bida, ló kanlẹ̀kùn. Ó fi omi tirẹ̀ nù ún lára, ó sì fi owó ara rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀wà tó ti rẹ sómi fún ọjà ọjọ́ kejì kan dànù.

Ìyá náà kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Èmi sì ni mo darí ẹ̀kọ́ lórí Jòhánù 15:13 nínú fẹlóṣíìpù lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

1. Ọ̀dọ̀ Krístì ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ (Róòmù 5:6–8). Jésù kò dúró dìgbà tí a bá yẹ kó tó kú fún wa. A kì í fi ìrúbọ ra ìgbàlà. Ẹni tó mọ̀ pé a ti fẹ́ràn òun ló ń lè fẹ́ràn ẹlòmíràn.

2. Ìfẹ́ a máa ná ni ní nǹkan (Jòhánù 12:24). Ní oṣù Kejìlá 1893, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, gúnlẹ̀ sí Èkó láti mú ìhìn rere wọ àárín ilẹ̀ yìí. Bingham dúró sí Èkó, àwọn méjì yòókù gba òkè lọ. Kí 1894 tó parí, Gowans ti kú ní Girku lẹ́bàá Zaria. Ibà sì pa Kent ní Bida, nítòsí wa níbí. Wọn kò rí ìjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀. Bingham ni kò jáwọ́. Iṣẹ́ yẹn ló di SIM, ibẹ̀ náà ni ìjọ ECWA ti jáde.

3. Ìfẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹsẹ 16 sọ nípa fífi ẹ̀mí lélẹ̀ fún ará. Ẹsẹ 17 sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sórí ará tó ṣaláìní àti ohun ìní wa. Díẹ̀ nínú wa ni a óò bi ní ìbéèrè ẹsẹ 16. Ti ẹsẹ 17 ń kanlẹ̀kùn lójoojúmọ́: omi, oorun, owó ọkọ̀, ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì. Ẹ tún ka 1 Kọ́ríńtì 13:3: ènìyàn lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìní ìfẹ́, kó sì jẹ́ òfo.

Nígbà tí ara ẹnìkejì mi yá, mo tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo mọ̀ pé o ò sùn.” Ó dárí jì mí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Kí ló dé tí àlùfáà àti ọmọ Léfì fi kọjá lọ? Kí ni ìwọ náà máa ń fi ṣe àwáwí?
(b) Ta ni ó ń kérora nítòsí rẹ lọ́sẹ̀ yìí? Kí ni “kẹ́ẹ̀gì omi” tìrẹ?

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí n ṣe bí ẹni tó sùn mọ́. Àmín.